Ó Di Ìka Rẹ̀ Tán Kó Tó Sọ Fún Un

Ìyá mi kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ nígbà tó pè mí lórí fóònù. Kò béèrè bóyá mo ti jẹun, kò ní kí n jókòó, kò sì purọ́ pé ara Màmá kò yá kí n máa bọ̀ wálé. Ó kàn ní, "Màmá ti kú. Wọ́n sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọn ò jí." Àwọn ará ilé ọkọ mi tí wọ́n wà lọ́dọ̀ mi bínú. Wọ́n ní báwo ni èèyàn ṣe ń túfọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn. Wọn ò mọ̀ pé àṣẹ ni ìyá mi ń mú ṣẹ. Ó ti pẹ́ tí ìyá àgbà mi ti kìlọ̀ fún gbogbo wa pé lọ́jọ́ tí òun bá kú, kí ẹnikẹ́ni má fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi kan wà níbì kan tó ń rẹ́rìn-ín, kí ẹ̀yin ti mọ̀."

Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò Edjeba ní Warri ń pè é. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ọmọ etí òkun, tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá sí Warri nígbà tí iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù gbé ọkọ náà wá sí èbúté ibẹ̀. Ọkọ kú, òun náà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ títí pé kó padà sílé, ó ní Warri ti mọ ẹsẹ̀ òun. Ṣùgbọ́n Ìlàjẹ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń pe ọmọ ní "ọma", ó ń pe ilé ní "ulé", débi pé àwọn obìnrin Ìṣẹ̀kírì tó ń ta ẹja ní ọjà ńlá máa ń rò pé tiwọn ni, wọ́n á sì fi ẹja kún ẹja fún un. Kì í já wọn ní koro àfi tí ẹja bá ti wọ inú àpò rẹ̀.

Àwa ọmọ-ọmọ tí a dàgbà sí ìlú náà, Pidgin la fi ń dá a lóhùn. Bí mo bá ní, "Mama, I don chop," á dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Bí mo bá tún un sọ, á ní, "Ta ló jẹun? Sọ ọ́ dáadáa kí oúnjẹ náà lè gbọ́ pé òun lo jẹ."

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa wá bẹ̀ ẹ́ pé kó máa tọ́jú àwọn ọmọ àwọn. Kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Mi ò tíì rí ẹni tó sún mọ́ bọ́ọ̀lù tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì bìkítà fún un bẹ́ẹ̀. Á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló ń wò. Gbogbo èèyàn á pariwo góòlù, òun á ní, "Ẹ wo bó ṣe ń tiro." Bí a bá bi í nílé pé báwo ni ìdíje ṣe parí, á ní, "Kókósẹ̀ méjì, orúnkún kan."

Ibi tó ń dun ọmọ ló fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Kápútéènì ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ Orúnkún. Aṣọ́lé àkọ́kọ́, tí ìka rẹ̀ yẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ń jẹ́ Ìka. Aṣọ́lé kejì, tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ń jẹ́ Èjìká. Àwọn ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá, wọn ò sì mọ ohùn tó yẹ kí wọ́n fi pe orúkọ. Bí wọ́n bá ń pe aṣọ́lé wọn lórí pápá, "Ìkà! Ìkà!" ni, tí àwọn Yorùbá tó wà láàárín òǹwòran á máa wojú ara wọn pé kí ni ọmọ jẹ́jẹ́ yìí ṣe. Màmá gbìyànjú láti tún ohùn wọn ṣe títí ó fi sú u. "Ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀," ló wí. "Àwọn tó fẹ́ gbá góòlù sílé á bẹ̀rù."

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe eré lásán. Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, ìlú ń jó. Àwọn ẹ̀yà tó ti ń gbé pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti dojú ìjà kọ ara wọn. Àwọn ọmọkùnrin tó gbé ìbọn wà nínú odò, sójà wà lójú títì, ìjọba sì ti pàṣẹ kónílé-ó-gbélé. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi èèyàn níbi tí wọ́n bá ti dí ọ̀nà ni pé ẹ̀yà wo ni ọ́, ìdáhùn sì lè gba ẹ̀mí onítọ̀hún. Gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyí ló ní ọmọ nínú ẹgbẹ́ wa. Màmá ní nínú àgọ́ àwọn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bi ẹnì kan ní ìbéèrè yẹn. Nítorí rẹ̀ ni mi ò fi ní sọ, títí dòní, ẹ̀yà tí èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ náà ti wá.

Ìgbà kan wà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù méjì tó ń sùn nínú yàrá kan náà kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, torí wọ́n ní àwọn ará àdúgbò ọ̀kan ló dáná sun àdúgbò èkejì. Bí wọ́n bá ń jẹun, ọ̀kan á kọ ẹ̀yìn sí ọ̀kan. Lórí pápá, wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù síra wọn. Kóòṣì bẹ̀ wọ́n títí. Màmá kò bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí iṣan itan ọ̀kan fà, ó pe èkejì pé kó wá bá òun di ẹsẹ̀ náà mú kí òun fi òróró ra á. Ojoojúmọ́ ló ń pè é, kò sì pe ẹlòmíràn. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹni tó di ẹsẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà sì ni, "E dey pain you?" Nígbà tí Kóòṣì bi Màmá bó ṣe mọ̀ pé ó máa ṣiṣẹ́, ó ní, "Ẹni tí o bá ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lójoojúmọ́, ó ṣòro kí o tó lè jó ilé rẹ̀."

Òun àti Kóòṣì jà lórí Orúnkún. Ìgbà yẹn, àwọn tó ń darí ìdíje ní ọkàn àwọn kò balẹ̀ sí Warri, ìlú onílùú la ti ń gba àlejò, síbẹ̀ àwa la wà lókè téńté nínú gbogbo ẹgbẹ́. Orúnkún ọmọ náà wú. Kóòṣì fẹ́ kí Màmá gún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora lára, ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì fẹ́ ẹ. Màmá kọ̀. Kóòṣì ní òun á wá ẹlòmíràn tó máa gún un. Màmá ní kó wá a, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí onítọ̀hún gún un lójú òun. Ẹnikẹ́ni kò wá. Orúnkún jókòó sílé lọ́sẹ̀ púpọ̀, a pàdánù ìdíje kan, a tún pàdánù òmíràn. Mo ń ra ẹ̀pà ní ọjà Igbudu nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn ọkùnrin kan ń sọ pé obìnrin yẹn ló máa ba ti ẹgbẹ́ wa jẹ́. Mo délé, mo sọ fún un. Ó ń ká aṣọ, kò gbójú sókè. "Ọmọ náà á ṣì máa rìn lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá tán," ló wí. "Wọn ò ní bá a gbé ẹsẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ó rọrùn láti bá gbé. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń yin èèyàn. Ó ń ṣèrú nínú lúdò, bí a bá sì mú un, á ní ojú ń dun òun. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá kọrin níwájú ìjọ, a délé, ó bi Màmá bí ohùn òun ṣe rí. Màmá ní kò dára, pé ilẹ̀ ni òun ń wò ní gbogbo ìgbà tó ń kọrin. Kò kọrin mọ́ láti ọjọ́ náà. Kódà níbi ìsìnkú Màmá, gbogbo wa ń kọrin, ó pa ẹnu mọ́. Ìyá mi nìkan ló lè bá Màmá wí, ó sì bá a wí lórí rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé ìwọ̀n kan náà lẹ fi ń fún àgbà àti ọmọdé lóògùn? Òótọ́ náà ní ìwọ̀n."

Ìyá mi mọ ibi tí líle yẹn ti wá, ó sì pẹ́ kí èmi tó mọ̀ ọ́n. Ojú ọ̀nà Benin ni jàǹbá ọkọ̀ ti pa bàbá àgbà mi. Màmá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìròyìn dé ilé ìwòsàn láàárọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n jẹ́ kó parí iṣẹ́, kó jẹun, kí àwọn àgbà ilé dé ná. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ó wá ṣe kòńgẹ́ pé inú Màmá dùn lọ́jọ́ náà. Ó ń sín ọ̀kan nínú àwọn dókítà jẹ, ó ń pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wò ó. Ìyẹn ni kò lè gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ fún mi nípa rẹ̀. "Opó ni mí láti àárọ̀," ló wí. "Gbogbo wọn ló mọ̀, èmi nìkan ni mò ń ṣàwàdà."

Ìdíje tó kẹ́yìn sáà náà ni wọ́n gbà ká gbá nílé. Ìlú ti rọlẹ̀ díẹ̀. Bí a bá gbá ọ̀mì, ife-ẹ̀yẹ ti di tiwa. Bí a bá pàdánù, ó di ti ẹlòmíràn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù púpọ̀, àwọn èèyàn tó ń sá fún ara wọn múra láti jọ lọ sí ibì kan náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àgọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnu Màmá ni mo ti gbọ́ apá kan, mo sì gbọ́ èyí tó kù lẹ́nu Ìka. Màmá dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun ti rí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ púpọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ó bi í léèrè ohun tó dé. Ìbátan Ìka ni ọkùnrin náà, abúlé wọn tó wà láàárín odò ló ti wá. Wọ́n ń yìnbọn síra wọn níbẹ̀ lánàá, ọta ìbọn sì ba àbúrò Ìka, ọmọ ìyá kan náà, nígbà tó ń sá lọ sílé. Ó ti kú. Wọ́n fẹ́ sin ín lọ́jọ́ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ìyá wọn ní wọn ò ní bo ilẹ̀ lé e lórí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dé. Alága ẹgbẹ́ wa ti gbọ́. Òun ló ní kí wọ́n fún ọkùnrin náà lóúnjẹ, kó sì ní sùúrù títí ìdíje á fi parí.

Alága kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí gbogbo àwọn ẹni ńlá sá kúrò nílùú, òun ni kò fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ó pe Màmá sí kọ̀rọ̀. Ó ní òkú kò ní jí bí wọ́n bá sọ ọ́ láàárọ̀, kò sì ní kú ju bó ṣe kú lọ bí wọ́n bá sọ ọ́ nírọ̀lẹ́. Ó ní Èjìká kò tíì ṣọ́lé rí ní gbogbo sáà, ìlú yìí kò sì rí ohun ayọ̀ kan láti ìgbà tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbé Èkó rí, ó gbọ́ Yorùbá, ó sì mọ ìṣe wa. Ó ní, "Mama, una Yoruba people dey hide death pass everybody. Na una teach us."

Màmá ní, "Òótọ́ ni. Nítorí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ la ṣe ń fi í pamọ́, bí ara rẹ̀ kò bá gbà á. A kì í fi í pamọ́ nítorí ife-ẹ̀yẹ."

Alága ní bó bá sọ fún ọmọ náà, kó má padà sínú ẹgbẹ́ náà mọ́. Màmá ní ó dáa.

Ìka ń dúró dè é nínú yàrá, bó ṣe máa ń ṣe kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, pé kó wá fi báńdéèjì di ìka òun. Màmá jókòó, ó dì í. Ìka sọ fún mi pé kò kánjú, kò sì falẹ̀, bó ṣe ń dì í láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà ló ṣe dì í. Nígbà tó dì í tán, kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó pe orúkọ tí ìyá ọmọ náà sọ ọ́, èyí tí kò fi pè é rí. Ó sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ ti kú, ó sọ bó ṣe kú, ó sì sọ pé ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀. Pidgin ló fi bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí Màmá ṣe tún ìyókù sọ fún mi ní Yorùbá nìyí:

"Mo ti di ìka rẹ. Bí o bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, o ti múra tán, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ bá ọ wí. Bí o bá fẹ́ lọ bá ìyá rẹ, bàtà rẹ nìyẹn, màá sìn ọ́ dé etí odò. Èmi kọ́ ni màá yàn án fún ọ. Alága náà kọ́."

Ìka sunkún, ó sì wọ bàtà.

Àwọn mẹ́ta ló jọ jáde, Màmá, Ìka àti ìbátan rẹ̀. Sójà rí aṣọ funfun Màmá, wọ́n ní kí wọ́n kọjá. Níwájú díẹ̀, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò kan ti fi igi dí ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn bi Ìka pé ẹ̀yà wo ni. Màmá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ní aláìsàn òun ni. Ọmọkùnrin náà ní ìyẹn kọ́ ni òun béèrè. Màmá bá gbé ọwọ́ Ìka sókè pẹ̀lú báńdéèjì tó wà lára rẹ̀, ó ní, "Na finger I sabi. I no sabi tribe." Ẹlòmíràn láàárín wọn ti dá Ìka mọ̀. Ó ní aṣọ́lé wa mà nìyí, ta ló wá fẹ́ ṣọ́lé lónìí? Màmá sọ fún wọn pé àbúrò rẹ̀ kú. Ẹni tó ń béèrè ẹ̀yà yẹn ló gbé igi kúrò lọ́nà, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún Màmá pé kó má gba ibẹ̀ padà, pé òun ò mọ ẹni tó máa wà níbẹ̀ bó bá dọ̀sán. Bí Màmá kò ṣe lè padà sí pápá nìyẹn.

Èmi wà ní pápá pẹ̀lú àbúrò ìyá mi. Nígbà tí a rí Èjìká tó ń jáde bọ̀ nínú aṣọ aṣọ́lé, kíkùn bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Mo wá aṣọ funfun Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, mi ò rí i. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá sí Èjìká, bọ́ọ̀lù tí ọmọdé lè mú, ó gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Àwọn èèyàn bú u, wọ́n bú ìyá rẹ̀. Ìdíje ti ń parí lọ kí Orúnkún, tí wọn ò gún lábẹ́rẹ́, tó fi orí kan ọ̀kan wọlé fún wa. Kò pẹ́ sígbà náà, àwọn àlejò gbá òmíràn tó kọjá Èjìká pátápátá. Òpó ló gbà á. Fèrè dún, ife-ẹ̀yẹ di tiwa. Àwọn tí kì í kí ara wọn mọ́ ń dì mọ́ ara wọn, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ìbọn tó tún máa dún.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, Màmá àti Ìka ṣì wà létí odò, torí pé sójà kò tíì jẹ́ kí ọkọ̀ kankan gbéra. Obìnrin kan tó ń ta ẹja yíyan tan rédíò, wọ́n ń gbọ́ ìdíje náà. Nígbà tí Orúnkún gbá a wọlé, Ìka fò dìde, ó pariwo. Lẹ́yìn náà ló rántí. Ó ní ojú ti òun débi pé òun fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Màmá fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ní, "Yọ̀. O ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí o tó yọ̀. Ayọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀." Nígbà tó yá, ọkọ̀ gbéra. Pẹ̀lú báńdéèjì náà lọ́wọ́ ni Ìka fi bu yẹ̀pẹ̀ sórí àbúrò rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ ńlá gbé ife-ẹ̀yẹ káàkiri ìlú, Màmá jókòó síwájú ilé wa, ó ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn ọmọ náà rí i láti orí ọkọ̀, wọ́n ń juwọ́, wọ́n ń pe "Mama Nurse". Alága wo ẹ̀gbẹ́ kejì títì. Màmá kò padà sínú ẹgbẹ́ náà mọ́, bí wọ́n sì ṣe ń dá àwọn èèyàn lọ́lá, wọn ò pe orúkọ rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ń wá sílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, ó sì ń ra wọ́n lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà jáde nílùú, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Ọlọ́run ló fi ife-ẹ̀yẹ náà jẹ́rìí sí òótọ́ tó sọ. Inú rẹ̀ kì í dùn sí i. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé bí a bá ti pàdánù ńkọ́. Ó ní ì bá dun òun títí ọjọ́ ikú òun, òun ì bá sì tún sọ ọ́. Ó ní kí n má bá wọn fi bọ́ọ̀lù ṣe ìdájọ́. "Òpó kò mọ ẹni tó jàre."

Mo ti ro ó lọ, mo ti ro ó bọ̀, mi ò mọ̀ bóyá èmi á lè ṣe é. Mo máa ń rántí ìlú tó ń dúró de ayọ̀ kan ṣoṣo. Mo sì máa ń rántí ìyá kan tó dúró ti òkú ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a ti ibojì dé lọ́jọ́ ìsìnkú Màmá, Alága wá sílé wa. Ó ti darúgbó, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló di apá rẹ̀ mú. Ìka wà níbẹ̀. Ìlú mìíràn ló ń gbé báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní bọ́ọ̀lù. Ìyá mi gbé àga fún Alága, kò sì mọ ohun tó máa sọ fún un, torí ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé òun àti Màmá kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Pidgin ni Alága fi sọ̀rọ̀, èmi ni mo tú u sí Yorùbá fún yín. Ó ní òun kò tíì yí ọkàn òun padà. Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, òun á tún ní kí wọ́n mú sùúrù di ìrọ̀lẹ́. Ìka tẹrí ba.

Alága wá ní lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àìsàn kan kọ lu òun. Dókítà yẹ òun wò, ó sì bá ìyàwó òun àti àwọn ọmọ òun sọ̀rọ̀ ní yàrá mìíràn. Láti ọjọ́ náà, bí òun bá béèrè, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín sí òun. Òun bá jáde nílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó di Edjeba, òun bẹ Màmá pé kó sin òun lọ sọ́dọ̀ dókítà náà. Màmá kò dárúkọ bọ́ọ̀lù. Ó wọ bàtà. Dókítà ń sọ̀rọ̀ yípo, Màmá bi í ní ìbéèrè títí ó fi sọ ojú abẹ níkòó. Lẹ́yìn náà ló mú òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, tó sọ gbogbo rẹ̀ fún òun ní ọ̀rọ̀ tó yé òun, orúkọ àìsàn náà, ohun tó ṣeé ṣe sí i, àti ohun tí kò ṣeé ṣe.

Ìyá mi ní Màmá kò sọ ọ́ fún wa rí. Alága ní òun ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́, pé ọ̀rọ̀ òun ni.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó di apá rẹ̀ mú ń wo ilẹ̀. Ìyá mi wá bi Alága pé nínú gbogbo èèyàn tó yí i ká, kí ló dé tó fi jẹ́ Màmá, tí wọ́n jọ ń bínú síra wọn, ló wá bá.

Alága ní, "Àwọn tó kù fẹ́ràn mi jù. Màmá Nọ́ọ̀sì kò fẹ́ràn mi débi tó fi máa purọ́ fún mi."